Okùn Ìwé Wà Lọ́wọ́ Ùstáàsì

Ní Shubra, ní Káírò, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun di dókítà, ọ̀dọ̀ Ùstáàsì Wagdi ló ń mú un lọ. Kẹ́místírì ló ń kọ́ wọn, èébú ló sì fi ń là á yé wọn.

"Ẹni tó bá ní kí n tún un sọ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni," ló máa ń wí. "Ẹ wo Hazim ọmọ mi lẹ́yìn yẹn. Ó bi mí ní nǹkan kan rí? Kò tilẹ̀ gba ìwé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni tiẹ̀ wà!"

Òótọ́ ni. Hazim kì í béèrè nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá òdo ló ń gbà, àmọ́ máàkì rẹ̀ ti wá ń gòkè, bàbá rẹ̀ sì ti ròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta fúùlù, ẹ̀wà sísè tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀.

Orí fóònù ni ìwé Ùstáàsì máa ń bá àwọn tó bá sanwó, pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tí wọ́n á fi ṣí i. Wọ́n á gbà á sílẹ̀, àmọ́ bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á ni. Ìgbà tó bá wù ú, á fà á. Ìwé á pa dé, ọ̀rọ̀ èébú tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ á sì yọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn púpọ̀, ó máa ń kà á sókè fún kíláàsì.

Ìdánwò ku ọ̀la nígbà tó rí i pé ìwé Nihal ń ṣí lórí fóònù ẹlòmíì.

"Nihal! Ta lo fún ní kọ́ọ̀dù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ùstáàsì. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Bàbá rẹ̀ ò fún un níwèé."

"Bàbá játijàti! Ẹni tí ò lè fún ọmọ níwèé, kí ló bímọ fún? Dárúkọ rẹ̀."

"Mi ò lè dárúkọ rẹ̀, sà. Ẹ fa tèmi nìkan, ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la. Láìsí ìwé yẹn, á fìdí rẹmi."

"Kó fìdí rẹmi! Kí bàbá rẹ̀ wá kó o nílẹ̀."

Ó fa méjèèjì lójú wọn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àfi Hazim.

"Ẹ wò ó," ni Ùstáàsì wí, "ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fi àkókò ṣòfò sórí yẹ̀yẹ́." Nihal gbé báàgì rẹ̀, ó ń sunkún jáde.

Nídìí oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, Ùstáàsì ń fọ́nnu fún ìyàwó rẹ̀ pé bí èsì bá dé, gbogbo Shubra ló máa mọ ẹni tó bí ọmọ.

Hazim kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ó rọra gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà lójú fóònù náà ni: "Olè, ọmọ olè! Lọ sọ fún bàbá rẹ kó wá ìwé fún ẹ."