Ìrànwú Ìyá Abẹ̀ní

Àṣìṣe mẹ́ta ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣeun, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, ṣe: ó gba ìrànwú Ìyá Abẹ̀ní, igi tí wọ́n fi ń ran òwú, lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, kò jẹ́ kí ọmọ wọn ran òwú tó kù tán gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn arànwú, ó sì ti ìrànwú náà mọ́ inú gíláàsì kí àlejò máa wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, èmi àti Abẹ̀ní lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú gíláàsì náà.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ràn án tán. Ìyá mi ò tíì sinmi.”

Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. “Òkú wo ló ń rànwú? Ẹ̀yin ará oko yìí!”

Ìró kan dìde, bí igi tó ń yí nínú igbá.

“Eku ni,” ni ọ̀gá, ọ̀mọ̀wé wa, wí.

Eku kọ́. Nínú gíláàsì tó tì pa, ìrànwú náà ń pòòyì, òwú rẹ̀ ń gùn sí i. Eérú tí àwọn arànwú máa ń fi pa ìka sì ń tẹ̀ mọ́ gíláàsì láti inú bí ojú ìka.

Abẹ̀ní kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá mi.”

Ìrànwú dúró. Ohun kan sì kan gíláàsì náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣeun ti ń fà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ gíláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dí i lọ́nà.

“Ọ̀gá, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ ṣí i fún ọmọ wọn.”