Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ọ̀rá Ẹ̀dọ̀

"Ẹ̀rọ yìí ń purọ́! Tún un ṣe lónìí, àbí kí o máa lọ sílé!"

Ọ̀gá dókítà ló ń jágbe mọ́ obìnrin ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ olóòfà tó ń wo inú ara.

Ẹ̀dọ̀ ẹnìkan tí ọ̀gá kò dárúkọ, àmọ́ tí ọ̀gá búra pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Lóṣooṣù ni ọ̀rá tí ẹ̀rọ ń kà nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹnjiníà yẹ òòfà wò, ó wọn ooru yàrá. Kò sí àléébù.

Ó ti ìgò kan tí wọ́n ti mọ ìwọ̀n ọ̀rá inú rẹ̀ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ kà á pé géérégé.

"Sà, ẹ̀rọ ò purọ́ o. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ẹlẹ́dọ̀ yẹn kó dín bíà mímu kù."

Ọ̀gá rọra fa kóòtù funfun bo ikùn.

"Ẹlẹ́dọ̀ ti gbọ́."