Ẹ̀rọ Sàlíhù Nínú Ọgbà Ìṣeré

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní pẹ́. Ẹni tó bá ti gbé omi kaná, kó má wulẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ṣí ọgbà ìṣeré ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dansoman, nílùú Accra. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò wọlé, ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n rà lókè òkun kò sì tíì dé. Àyè wọn ṣófo bí ẹnu arúgbó. Madam Afua, ọ̀gá ọgbà náà, ní kí wọ́n wá ohun tí wọn yóò fi dí i fún oṣù mẹ́ta. Ẹnì kan gbé àga tí ń pòòyì wá láti Tema. Ẹnì kan gbé jangirọ́fà wá. Ó wá ku àyè tó tóbi jù, àyè ẹ̀rọ adẹ́rùbani.

Sàlíhù ará Sabon Zongo gbọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń bá a kiri, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ fún un. Oṣù mẹ́ta lábẹ́ igi, lójú kan, ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Làtífátù, ìyàwó rẹ̀, sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọkọ òun ti di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Kò sí bó ṣe máa wálé wí pé wọn ò gba òun.

Madam Afua yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Sàlíhù ní wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà: SÙÚRÙ.

"Àlàájì, ṣé ó máa ń dẹ́rù bani?"

"Madam, àwọn kan máa ń wàásù nínú ẹ̀. Àwọn yòókù á máa ṣe àmín."

"Ilẹ̀kùn yìí ńkọ́?"

"Fatawu àna mi ló ń di okùn ẹ̀ mú. Kò jù ú sílẹ̀ rí." Ó rò ó díẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kan ṣá."

Inú Madam dùn. Ó ku ayẹ̀wò. Mutala ni wọ́n gbà fún ìyẹn, ọkùnrin tó lè sùn fọnfọn lórí ẹ̀rọ tí ń dojú èèyàn délẹ̀. Sàlíhù ní kó jókòó sórí àga tó ṣeé ká, kó má fara ti ẹ̀gbẹ́, kó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ihò. Fatawu gbá ẹ̀rọ náà lára lẹ́ẹ̀mejì. Ó húkọ́, ó ké, ó gbéra.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Ní ìkejì, Mutala ti ń pe ìyá rẹ̀. Ní ìkẹta, bírò rẹ̀ gba inú ihò lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó di igi mú, ó bèèrè bóyá òní náà ni wọ́n ṣì wà.

"Àlàájì," ó ní, "mi ò lè buwọ́ lù ú. Kò yẹ kí ọmọ ènìyàn wọ nǹkan yìí."

Sàlíhù bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní àwọn aláboyún ń wọ̀ ọ́. Mutala yá bírò Madam, ó kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Madam Afua ní kí wọ́n gbin òdòdó síbẹ̀.

Sàlíhù dúpẹ́, ó jókòó sídìí ìdarí, ó sì wà á lọ sí ibùdókọ̀ Madina, níbi tí èrò mẹ́tàlélógún tí iṣẹ́ ti pẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tò dúró láti àárọ̀ de trotro rẹ̀, ìyẹn danfo àwọn ará Ghana, wọ́n sì ń jà kí wọ́n tó ráyè wọlé. Bí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn.