Ajá Ìyá Jọláadé Kò Gbó Mọ́

Fìjàfólúwa ni Ìyá Jọláadé sọ ajá rẹ̀, ṣùgbọ́n ajá náà fúnra rẹ̀ ló ń ja gbogbo ìjà rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọjá tí kì í gbó mọ́.

"Bó bá tún gbó mọ́ èèyàn kan péré," ni Bàbá Onílé wí, "mo máa fà á lé àwọn tó ń jẹ ajá lọ́wọ́."

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Sọ́ọ̀lù pàápàá yípadà."

Ìyá wá ń mú un rìn ní ìrọ̀lẹ́, lọ́nà ilé-ìwé àtijọ́ tí èrò kò pọ̀ sí. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀, tí ajá yíjú sí Ìyá, tó jókòó jẹ́ẹ́, Ìyá á fún un ní panla.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sẹ́ni lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ Fìjàfólúwa wo iwájú, ó yíjú sí Ìyá, ó jókòó.

"Ọ̀kánjúwà! Panla lò ń wá." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fún un.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tó tún fi jókòó. Ó tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé èrò ń ti ìsìn dé, tí wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wá gbọ́ ìró bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Orin tó ń kọ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìró náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èémí tútù fẹ́ sí i létí.

"Gbó!" ni Ìyá ń bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbó!"

Ajá náà wo ẹ̀gbẹ́ Ìyá, ó yíjú sí i, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì ń jùrù.