Bíbélì Oní-síìpù

"Ẹ gbójú sókè díẹ̀." Ní Daegu, ní ilẹ̀ Kòríà, Dókítà Pyo tan iná sí àmì dúdú tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó kan. "Àbí ẹ lóyún ni?"

"Oyún kẹ̀! Kí Ọlọ́run gbà á lẹ́nu yín!" Ìyá ọkọ rẹ̀ tó bá a wá ló dáhùn. "Ọdún mẹ́ta rèé tí mò ń lọ àdúrà ìdájí nítorí rẹ̀."

"Ó ti sú mi, Dókítà," ni ìyàwó wí. "Ìpara mẹ́rin, fìlà, agboòrùn, síbẹ̀ ńṣe ló ń tàn kálẹ̀ sí i."

"Oòrùn nìkan kọ́ ló ń fà á. Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún?"

Ìyàwó fún Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà. "Rárá o."

Dókítà kọ ìpara karùn-ún fún un.

Ní ibùdókọ̀, ìyá ọkọ ṣí agboòrùn bo àwọn méjèèjì.

"Ojú tèmi náà rí báyìí nígbà kan," ó wí jẹ́ẹ́. "Inú Bíbélì oní-síìpù ni mò ń fi oògùn yẹn pamọ́ sí. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ tú Bíbélì ẹlòmíràn."

Ìyàwó wo Bíbélì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Padà lọ sọ òótọ́ fún dókítà, ọmọ mi. Lọ́la, màá wá nǹkan mìíràn gbàdúrà lé lórí."

Ìyàwó bú sẹ́kún, ó sì ṣí síìpù Bíbélì tirẹ̀.