Igi Ìkómọ Fadérera

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú, bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá àgbà Fadérera, ó sì kọjú sí ògiri pálọ̀ tó jẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n wọn. Igi tí kọ̀ǹpútà ń yà síbẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ Fadérera, ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ti kún ògiri náà bámúbámú.

“Màmá, ó ti yà wọ ògiri aládùúgbò yín. Wọn ò rójú ẹni tó ń ka ìròyìn mọ́.”

“O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi.”

“Òfin tí ẹ kọ fún un ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa di méjì lọ́dọọdún. Ẹ ò kọ ìgbà tó máa dúró.”

Màmá yọ awò ojú rẹ̀. “Lọ́jọ́ ìkómọ? Ṣé ẹnu tí mo fi ń wúre pé kí ọmọ dàgbà náà ni màá fi sọ pé kó dúró?”

“Ẹ kàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí, màá bá yín kọ ọ́.”

“Ìgbà wo lo kọ pé kí igi ọmọ tìẹ dúró?”

Igi ọmọ Adéyanjú náà ti dé ilé ìdáná wọn. Adéyanjú jókòó ti Màmá, ó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò bá ẹnikẹ́ni nílé.