Oríkì Tí Ìyá Ìbídùn Gbàgbé

Láràárọ̀, bí Ìyá Ìbídùn bá ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ẹ̀rọ ara ògiri á yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Èròjà kan ń bẹ níbẹ̀ tí ara máa ń gé wẹ́wẹ́. Bó bá gé e sódì, èérún rẹ̀ á ṣù jọ, ìgbàgbé á sì wọlé dé. Abẹ́rẹ́ náà ni kì í jẹ́ kó gé e sódì.

"Ọpọlọ yín mọ́ tónítóní, Màmá," ni ẹ̀rọ wí. "Kí ni oríkì yín?"

Àwẹ̀ró ni. Àmọ́ àgbà ló ń fi oríkì pe ni, ọkọ rẹ̀, ẹni ìkẹyìn tó ń pè é bẹ́ẹ̀, sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá gbàgbé nìkan ni ilé ìwòsàn sì ń rán èèyàn sí.

"Mo ti gbàgbé," ni ó wí. Ó lọ fọ ife kejì sílẹ̀ de àlejò.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Màmá, iṣẹ́ ló ní kí n fi oríkì pè yín. Àwẹ̀ró ni oríkì yín."

Ìyá Ìbídùn dijú.

"Tún un pè, ọmọ mi. Ó jọ pé ó ti fẹ́ máa sọ sí mi lọ́kàn."